Iṣẹ́ wà ní ẹ́ḿbásì fún oníṣòwò kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó fún gbájú-ẹ̀

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ físà ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí. Àwọn oníṣòwò tó ń rántí pé ẹ́ḿbásì náà ń ra ọjà, tó sì ń gbé iṣẹ́ jáde, kò pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún ṣe. Ẹ̀rọ amúlétutù, kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì àti ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́jú ọgbà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fín oògùn kòkòrò. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé e fún.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìpìlẹ̀ ọ́fíìsì kọ́ńsúlétì wọn tuntun lélẹ̀ ní Eko Atlantic, l'Ékòó. Mílíọ̀nù 537 dọ́là ni wọ́n sọ nígbà náà pé yóò ná wọn. Wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 95 dọ́là ni yóò wọ inú ọrọ̀ ajé wa níbí, àti pé nǹkan bíi 2,500 ọmọ Nàìjíríà ni yóò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, látorí ẹnjiníà dé orí oníṣẹ́ ọwọ́. Pernix Federal, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìkọ́lé náà fún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó gba iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ wá àwọn tí yóò bá a ṣe é.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ wà? Ẹ́ḿbásì tó wà l'Ábùjá àti kọ́ńsúlétì tó wà l'Ékòó máa ń gbé ìkéde iṣẹ́ jáde lórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Èyí tó bá tóbi máa ń wà lórí SAM.gov, ìkànnì tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń polówó iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin lè yọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan sílẹ̀.

Iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa yóò kọ́kọ́ gba nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní NCAGE, èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ àjọ NATO. Lẹ́yìn náà ni yóò gba nọ́ńbà UEI lórí SAM.gov fúnra ẹ̀. Orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé CAC yín gan-an ni kí ẹ kọ, nítorí tí kò bá bára mu, wọ́n lè dá a padà. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe.

Ibí ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń jẹun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí kọ́bọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà fún SAM, bẹ́ẹ̀ ni NCAGE kì í ṣe títà. Láti oṣù Kẹrin, ọdún 2022, ni UEI ti rọ́pò DUNS. Ẹni tó bá ṣì ń gbowó lọ́wọ́ yín láti fi bá yín gba DUNS nítorí iṣẹ́ ẹ́ḿbásì, ohun tí wọn kò lò mọ́ ló ń tà fún yín. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ mú owó wá kí wọ́n tó fún yín ní kọ́ntírákì, ẹ sá fún un.

Ọ̀rọ̀ owó tún kù. Mọ́bìláìséṣàn ti mọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe wa lára, ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà kì í sábà san owó ṣáájú iṣẹ́. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á sanwó láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ náà wọlé, tí ìwé owó yín sì pé. Ká ní ₦4,000,000 lẹ fi ra ohun èlò, ẹ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, ẹ tún dúró fún oṣù kan. Tó bá jẹ́ owó tí ẹ yá ní èlé 3% lóṣù ni, ₦240,000 ti lọ sórí èlé. Ẹni tí kò bá ro èyí mọ́ iye tó kọ, yóò gba iṣẹ́ tán, yóò sì jẹ gbèsè.

Ẹ rántí pé ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ láti fọwọ́ sí kọ́ntírákì nìkan ló lè fi kún iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ mìíràn bá pè yín lórí fóònù pé ẹ bá òun fa wáyà dé yàrá kejì, ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá náà kí ẹ tó ṣe é. Láìsí ìwé, ó lè di iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí wá ni kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ajílóṣùn ṣe? Kó bi ara ẹ̀ pé bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ l'Ábùjá láago méjì òru, ta ni yóò débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́? Tí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, kó má dá iṣẹ́ náà gbà. Kó wá iléeṣẹ́ tó ti wà l'Ábùjá tàbí l'Ékòó, kó sì gba apá tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìwé tí ẹ bá tò fún ẹ́ḿbásì kò ní ṣòfò. Òfin ìgbéṣẹ́jáde ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 náà ń béèrè ẹ̀rí pé iléeṣẹ́ yín san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ẹni tí ìwé ẹ̀ bá pé lónìí lè dán ilẹ̀kùn méjèèjì wò lọ́la. Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ yọ ìwé CAC yín jáde, ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ ṣì ni ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.