Igun Tí Kò Ní Fífẹ̀: Ẹjọ́ Àkàbà ní Wyoming

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọpọ́n dírááfù. Ẹni tó bá ti ta á rí mọ̀ pé ọmọ dírááfù kì í gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Inú ilé dúdú ló wà, ilé dúdú mìíràn ló ń lọ, igun ló sì máa gbà débẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pariwo pé ó tẹ ilé funfun mọ́lẹ̀. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Wyoming, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, irú ìrìn yìí gan-an ló gbé ọdẹ mẹ́rin dé kóòtù, ọ̀rọ̀ náà sì gba nǹkan bí ọdún mẹ́rin kó tó parí.

Bí ilẹ̀ ṣe di ọpọ́n dírááfù

Ní 1862, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ la ojú irin kọjá sí ìwọ̀ oòrùn. Owó ò tó, àmọ́ ilẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. (A ò tíì sọ ti àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ o.) Wọ́n bá gé ilẹ̀ ẹ̀bá ojú irin sí onígun mẹ́rin, máìlì kan ní òró, máìlì kan ní ìbú. Wọ́n fún ilé iṣẹ́ ojú irin ní ọ̀kan, ìjọba mú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín in lọ. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ojú irin ta púpọ̀ nínú tirẹ̀. Bí ilẹ̀ ìjọba, tó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, ṣe wá há sáàárín ilẹ̀ aládàáni nìyẹn, tó jẹ́ pé igun nìkan ni wọ́n fi kan ara wọn.

Ní Elk Mountain, ilé iṣẹ́ Iron Bar Holdings, ti oníṣòwò oògùn kan tó ń jẹ́ Fred Eshelman, ní nǹkan bí 22,000 éékà. Nǹkan bí 11,000 éékà ti ìjọba ló wà láàárín rẹ̀. Ní 2020, àwọn ọdẹ kan wá láti Missouri. Wọ́n bá òpó méjì àti ṣéènì ní igun kan, wọ́n di òpó mú, wọ́n sì yí ara kọjá. Ní 2021, wọ́n padà wá pẹ̀lú àkàbà onírin. Wọ́n gùn ún láti ilẹ̀ ìjọba, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ìjọba. Ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀ Eshelman níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀sùn wá di ti afẹ́fẹ́: èjìká wọn gba òkè ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn náà dá wọn láre. Ilé iṣẹ́ náà tún pè wọ́n lẹ́jọ́ owó, ó ní bí wọ́n bá ń gba igun kọjá, iye tí ilẹ̀ òun tó máa fi mílíọ̀nù dọ́là tó lé ní 7 wálẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ gbogbo ará ìlú wà nínú iye tí wọ́n fojú dá lé ilẹ̀ ẹnìkan.

Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ọdẹ láre ní 2023. Ní March 18, 2025, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Denver fọwọ́ sí i. Òfin 1885 kan ni wọ́n dì mú, èyí tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sé ilẹ̀ ìjọba mọ́ ará ìlú. Ní October 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni ìdájọ́ Denver dè. Montana ò sí nínú wọn.

Fóònù ò mọ igun

Èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, ibí ló ti dùn mọ́ mi jù. Áàpù onX làwọn ọdẹ náà ń lò. Ní 2022, onX ṣírò pé 8.3 mílíọ̀nù éékà ilẹ̀ gbogbo ará ìlú ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ló há sẹ́yìn igun báyìí. Àmọ́ GPS inú fóònù lè ṣì í tó mítà 5, kódà lójú ọ̀run gbangba, igun ò sì ní fífẹ̀ kankan. Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, àmì yín lè bọ́ sí èyíkéyìí nínú ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmì irin tí àwọn tó wọn ilẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nìkan ló lè ṣẹ̀rí.

Ilé iṣẹ́ náà tún mú àmì kan, Waypoint 6, jáde látinú áàpù ọdẹ kan, pé inú ilẹ̀ àwọn ló wà. Adájọ́ ò torí ìyẹn nìkan dá a lẹ́bi. Èèyàn lè jókòó sílé kó fi àmì sórí máàpù. Ibi tí ìka tẹ̀ lórí fóònù, ẹsẹ̀ lè má débẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀, àwa tó ń ṣe máàpù mọ̀ ọ́n dáadáa: ṣé aládùúgbò ni ilẹ̀ méjì tó fi igun kan ara wọn? Òfin méjì la ní, a sì yá orúkọ wọn látinú ṣẹ́ẹ̀sì. Nínú òfin rook, ẹni tí ẹ jọ pín ẹ̀gbẹ́ nìkan ni aládùúgbò yín. Nínú òfin queen, igun náà tó. Tí ẹ bá lo rook, ilẹ̀ ìjọba yẹn di erékùṣù káàkiri. Tí ẹ bá lo queen, ó di pápá kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tó tọ́. Èèyàn ló máa yàn án. Ìdájọ́ Denver ló yan queen.

Ọ̀dọ̀ tiwa níbí ńkọ́?

Barriera di Milano ní Turin ni mò ń gbé. Orúkọ àdúgbò wa fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà ni: ẹnubodè ọ̀nà Milan, lára odi tí ìlú mọ ní 1853 láti máa gba owó orí ọjà tó ń wọlé. Ìwé òfin Ítálì ti 1942 gba ọ̀nà mìíràn. Ẹsẹ 840 ní onílẹ̀ ò lè dí ohun tó ń kọjá lókè lọ́wọ́, tó bá ga débi pé kò kàn án mọ́. Ẹsẹ 842 ní kò lè lé ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ, àfi tó bá sọ ilẹ̀ náà lọ́gbà bí òfin ṣe wí, tàbí tí irè oko tó lè bàjẹ́ bá wà níbẹ̀. Òfin 1992 sì wọn ọgbà náà: kò gbọdọ̀ dín ní mítà 1.20. Ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan lèyí o. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹni tó fẹ́ dínà ni ìnáwó wà lọ́rùn rẹ̀.

Nílé, pèrègún la máa ń gbìn sí ààlà, ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì lè dì mú. Àwọn àgbà náà ló sọ pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ìlà orí fóònù ò nípọn, ara èèyàn ló nípọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlà lórí máàpù yín, ẹ béèrè ohun méjì: ta ló fà á, òfin wo ló sì tẹ̀ lé? Ó dìgbà kan ná.