Taylor wà nílé ńlá ní Kàlàbá, àwọn tó sá fógun ẹ̀ wà ní kámpù Orù-Ìjẹ̀bú!

Ẹni tó bá ti wálé rẹ́ǹtì ní Command, l'Álímọ̀ṣọ́, á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Owó ilé lọ́tọ̀, owó ajẹ́ńtì lọ́tọ̀, owó àgírímẹ́ǹtì náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá ro ti ẹni tógun lé kúrò nílùú ẹ̀, tí kò lówó, tí kò léèyàn. Ta ló máa dúró fún un?

Òfin ni. Ọdún 1967 ni Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn 1951 tí wọ́n fi ń dáàbò bo irú wọn. Lọ́dún 1989, ìjọba Babangida ṣe òfin tiwa, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún wọn. Òfin ọ̀hún ní ẹni tó bá sá wá bá wa nítorí ẹ̀mí ẹ̀, a ò gbọdọ̀ dá a padà síbi tí ewu wà.

Kò ju ọdún kan lọ tá a fi dán an wò. Ogun tí Charles Taylor gbé wọ Làìbéríà ní ìparí 1989 lé àwọn èèyàn dé Orù-Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ṣí kámpù fún wọn níbẹ̀ lọ́dún 1990. Àwọn ará Sierra Leone náà wá bá wọn nígbà tógun dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Àfi bó ṣe di August 2003 tí Taylor fúnra ẹ̀ náà dé! Kóòtù àkànṣe ti fẹ̀sùn ogun Sierra Leone kàn án, síbẹ̀ Ọbásanjọ́ fún un nílé ní Kàlàbá. Ìjọba ní torí kógun lè parí ni, lóòótọ́ sì ni Monrovia rọlẹ̀. Àmọ́ àdéhùn 1951 yẹn kan náà kò fààyè gba ẹni tó bá hùwà ọ̀daràn lójú ogun. Kí la fẹ́ wí fáwọn ẹbí Tayọ̀ Awotusin àti Krees Imodibie, àwọn akọ̀ròyìn wa méjì tí wọ́n pa ní Làìbéríà lọ́dún 1990?

Nígbà tí Làìbéríà béèrè ẹ̀ ní March 2006, ó fẹ́ sá, wọ́n mú un ní bodè Gámbórù, ní Borno. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ni wọ́n dá fún un lọ́dún 2012.

Àwọn ará Orù ńkọ́? June 30, 2007 ni wọ́n ti kámpù wọn pa. Ọ̀pọ̀ ń retí kí Amẹ́ríkà tàbí ìlú òyìnbó míì gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni díẹ̀ nirú ìlú bẹ́ẹ̀ ń mú. Wọ́n fún àwọn tó fẹ́ dúró láyè láti gba páálí ìlú wọn, kí wọ́n máa gbé, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Àwọn náà di ẹni tó ń wá yàrá kiri bíi tiwa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán. Láti 2017 làwọn ará Kamẹrúùnù ti ń sá wọ Cross River, ìpínlẹ̀ tí Kàlàbá wà gan-an. Ìjọba tó rílé fún Taylor ò gbọdọ̀ sọ pé òun ò rí yàrá fẹ́ni tógun lé.