Fi kún, fi sórí, pè sẹ́nu iṣẹ́: àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe fún ẹ̀ka iṣẹ́ tuntun lórí sáfà

fi kún *ọ̀rọ̀ ìṣe.* Kí a mú nǹkan wá kí ohun tí ó ti wà nílẹ̀ lè pọ̀ sí i. *Ọ̀rọ̀ orúkọ:* àfikún, ìfikún.

“Fi kún” wà lára àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá máa ń tètè mọ̀. A máa ń là á sí méjì: ohun tí a mú wá yóò dúró láàárín “fi” àti “kún”, ohun tí ó gbà á yóò sì tẹ̀ lé “kún”. *Bàbá fi igba náírà kún owó ọkọ̀. Ìdòwú fi omi kún ọbẹ̀.* “Kún” yìí náà ni a ń lò nígbà tí a bá ní odò kún tàbí ìkòkò kún. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ń gbé wá sí ọkàn ni pé nǹkan kan wà nílẹ̀, ó sì ti pọ̀ jù bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sọ bí ohun tuntun náà ṣe dé, kò sì sọ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́.

Nínú ilé ìdáná, èyí kò ní ìpalára. Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà sọ́fítíwíà, ó lè mú kí òǹkàwé fo ìgbésẹ̀ kan láìmọ̀.

Sáfà tí àpẹẹrẹ dúró lé

Open Liberty jẹ́ sáfà tí ó ń gbé áàpù tí a fi èdè Java kọ ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó ṣe é. Ní ọdún 2012 ni Liberty kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú WebSphere Application Server 8.5, ní ọdún 2017, IBM ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lábẹ́ orúkọ Open Liberty. Ohun tí ó mú un yẹ fún àkíyèsí yìí ni bí a ṣe tò ó. Kóró kan wà ní àárín, tí kò lè dá ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ohun yòókù jẹ́ ẹyọ-ẹyọ tí olùlò lè mú tàbí kí ó fi sílẹ̀. Ẹyọ tí ń jẹ́ servlet-6.0 ni ó ń jẹ́ kí áàpù gba ìbéèrè láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì dáhùn. Èyí tí ń jẹ́ mpHealth-4.0 ni ó ń ṣí àdírẹ́sì /health sílẹ̀, níbi tí a ti lè béèrè bóyá ara áàpù dá.

Orúkọ tí ó yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí olùtumọ̀ lọ́kàn fún irú ẹyọ báyìí ni *àbùdá*. Ṣùgbọ́n àbùdá ni ohun tí a dá mọ́ ẹ̀dá. Ọwọ́jà jẹ́ àbùdá erin; kò sí ẹni tí ó lọ gbé e wá fún un, kò sì sí ẹni tí ó lè bọ́ ọ sílẹ̀ ní alẹ́. Ohun tí a lè gbà wálẹ̀ lónìí, kí a sì yọ kúrò lọ́la, kì í ṣe àbùdá. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ nígbà tí a bá ń sọ ìwà sáfà fúnra rẹ̀, fún àpẹẹrẹ: *Ó jẹ́ àbùdá Open Liberty pé ó máa ń ṣọ́ fáìlì ìṣètò rẹ̀.*

*Ẹ̀yà* náà ń jáde nínú ìtumọ̀ àwọn áàpù orí fóònù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún 3.1 àti 4.0, tí í ṣe ẹ̀yà àtijọ́ àti ẹ̀yà tuntun nǹkan kan ṣoṣo. Orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú Open Liberty sì sábà máa ń ní irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ ní ìparí. Bí “ẹ̀yà” bá ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, gbólóhùn bí *yan ẹ̀yà tí ó yẹ* yóò ní ìtumọ̀ méjì.

*Ẹ̀ka iṣẹ́* ni àkíyèsí yìí ń lò. Ẹ̀ka kì í dá dúró láìsí igi, a sì lè gé ẹ̀ka kan kí igi ṣì dúró. Àwọn òǹkàwé sì ti mọ ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń bójú tó. A ó wá fi “ẹ̀yà” sílẹ̀ fún nọ́ḿbà nìkan.

Ìgbésẹ̀ méjì tí “fi kún” ń bò mọ́lẹ̀

Bí olùlò bá fẹ́ kí sáfà tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ tuntun, ohun méjì ni yóò ṣe.

*Èkíní: fi sórí ẹ̀rọ.* Àwọn fáìlì ẹ̀ka iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dé inú fódà tí Open Liberty wà. Irinṣẹ́ tí ń jẹ́ featureUtility, tí ó wà nínú fódà wlp/bin, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àṣẹ *featureUtility installFeature mpHealth-4.0* yóò gba àwọn fáìlì náà wálẹ̀ láti Maven Central, ibi ìkóhunpamọ́ ńlá tí àwọn tí ń fi Java kọ áàpù ń lò, yóò sì tò wọ́n sí ipò wọn.

*Èkejì: pè sẹ́nu iṣẹ́.* Sáfà kì í lo gbogbo ohun tí ó wà nínú fódà rẹ̀. Ìwọ̀nba èyí tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ featureManager nínú fáìlì server.xml ni yóò pè, àti àwọn tí ìwọ̀nyí bá mú dání. Ata tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò tíì wà nínú ọbẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ya ìgbésẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. Kò sí ìdí tí a ó fi pa wọ́n pọ̀ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì pa wọ́n pọ̀.

Bí àṣìṣe ṣe ń ṣẹlẹ̀

Kí a sọ pé ìwé ìtọ́nisọ́nà tí a túmọ̀ wí fún òṣìṣẹ́ kan pé: *Fi mpHealth-4.0 kún sáfà rẹ.* Òṣìṣẹ́ náà ṣí server.xml, ó kọ orúkọ náà sí i, ó fi fáìlì pamọ́. Ó ti fi kún un; kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò ṣe ohun tí ìwé wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde nínú messages.log ni ìfiránṣẹ́ CWWKF0001E, tí ó ń sọ pé sáfà kò rí ẹ̀ka iṣẹ́ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà E tí ó gbẹ̀yìn dúró fún àṣìṣe; W dúró fún ìkìlọ̀, I sì dúró fún ìròyìn lásán. Sáfà lè dìde síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè ní /health, kò ní rí èsì tí ó ń wá.

Olùtumọ̀ lè dán ìtumọ̀ rẹ̀ wò kí ó má sì rí àṣìṣe yìí. Ìdí ni pé Open Liberty ń jáde ní àpò oríṣiríṣi. Àpò kan kó gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ dání. Òmíràn jẹ́ kóró nìkan. Ẹni tí ó bá lo àpò ńlá ti ní àwọn fáìlì náà lọ́wọ́. Bí ó bá ti kọ orúkọ, iṣẹ́ parí. Lọ́dọ̀ rẹ̀, “fi kún” tó. Ẹni tí ó ní àpò kékeré ni ìyà yóò jẹ, àwọn tí ó sì ń lo àpò kékeré sábà jẹ́ àwọn tí ó ń ṣọ́ àyè orí ẹ̀rọ àti owó dátà.

> *Kò pé:* Fi mpHealth-4.0 kún sáfà rẹ.
> *Ó pé:* Kọ́kọ́ fi mpHealth-4.0 sórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ rẹ̀ sínú server.xml kí sáfà lè pè é sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ó ti kọ orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀. Àṣẹ *featureUtility installServerFeatures defaultServer* yóò ka server.xml sáfà tí ń jẹ́ defaultServer, yóò sì fi àwọn tí kò tíì sí lórí ẹ̀rọ sórí rẹ̀. Níhìn-ín, kíkọ orúkọ ni ó ṣáájú. Olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ yí “kọ́kọ́” àti “lẹ́yìn náà” padà láìwo irú àṣẹ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bá ṣini lọ́nà

Bí ẹ̀ka iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìfiránṣẹ́ CWWKF0012I ni sáfà máa ń kọ. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì lò níbẹ̀ ni *installed*, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí fáìlì kankan tí ó dé sórí ẹ̀rọ ní àkókò náà. Sáfà pe ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni. Ìtumọ̀ tí ó tọ́ ni: *Sáfà ti gbé àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ wọ̀nyí sẹ́nu iṣẹ́.* Bákan náà, bí a bá pa orúkọ kan rẹ́ nínú server.xml, CWWKF0013I ni yóò jáde, pẹ̀lú *removed*. Àwọn fáìlì náà ṣì wà nínú fódà. *Sáfà ti yọ àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ wọ̀nyí kúrò lẹ́nu iṣẹ́* ni ó bá a mu; *sáfà ti pa wọ́n rẹ́* yóò dẹ́rù ba òǹkàwé lásán.

Ta ni ó ń ṣe é?

Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé a ti ṣe nǹkan láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é. “A” ni olùtumọ̀ sábà máa ń lò fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé lè rò pé òun wà lára “a” náà. Ẹ̀ka iṣẹ́ pages-3.1 kò lè ṣiṣẹ́ láìsí servlet-6.0 àti expressionLanguage-5.0. Bí a bá pe pages-3.1, àwọn méjèèjì yóò bá a wá fúnra wọn.

> *Ó lè ṣini lọ́nà:* A máa ń fi servlet-6.0 kún pages-3.1.
> *Ó ṣe kedere:* pages-3.1 máa ń mú servlet-6.0 dání wá; olùlò kò ní láti kọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí “fi rọ́pò” ni ó yẹ

Yorùbá ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Servlet-3.1 àti servlet-4.0 kò lè jùmọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí sáfà kan. Bí orúkọ méjèèjì bá wà nínú server.xml, CWWKF0033E yóò jáde. Ẹni tí a sọ fún pé kí ó *fi servlet-4.0 kún un* yóò fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé fífi kún kì í mú ohun tí ó wà nílẹ̀ kúrò. *Fi servlet-4.0 rọ́pò servlet-3.1* ni kí a kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì lórí sáfà tí àwọn ènìyàn ń lò lọ́wọ́, nítorí pé Open Liberty máa ń ṣọ́ server.xml, kì í sì dúró kí a tún òun tàn kí ó tó tẹ̀ lé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn

*So mọ́* ń sọ nípa ohun méjì tí okùn tàbí ìdè mú pọ̀: so ewúrẹ́ mọ́ igi. Ó yẹ fún fáìlì tí a so mọ́ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

*Èènì* ni ohun tí oníṣòwò fi lé ọjà láìgba owó. Irú kan náà ni èènì àti ọjà: gààrí lórí gààrí. Ẹ̀ka iṣẹ́ tuntun kì í ṣe èènì. Ohun tí sáfà kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó ń mú wá.

*Bù kún* tọ̀nà fún gààrí tàbí omi tí a bù, ṣùgbọ́n àdúrà ni púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé yóò gbọ́ nínú rẹ̀. *Bù kún sáfà* yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Nípa orúkọ

A kì í túmọ̀ orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́, a kì í sì fi àmì ohùn sí i. mpHealth-4.0 ni sáfà mọ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, ó di orúkọ ẹlòmíràn. Àlàyé tí ó yí i ká ni kí a fi Yorùbá kọ: *mpHealth-4.0, ẹ̀ka iṣẹ́ tí ń sọ bí ara áàpù ṣe rí.*

Bí a ṣe lè dán ìtumọ̀ wò

Kí olùtumọ̀ wá òdì ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó yàn. Bí òdì rẹ̀ bá jẹ́ pé fáìlì yóò kúrò nínú fódà, “fi sórí ẹ̀rọ” ni ó ń wá. Bí òdì rẹ̀ bá jẹ́ pé fáìlì yóò wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan, “pè sẹ́nu iṣẹ́” ni. Bí ohun àtijọ́ bá gbọ́dọ̀ jáde kí tuntun tó wọlé, “fi rọ́pò” ni. “Fi kún” ṣì dára fún àkọlé àti fún ọ̀rọ̀ gbogbogbòò, bí *Bí a ṣe ń fi ẹ̀ka iṣẹ́ kún sáfà*. Nínú ìgbésẹ̀ tí òǹkàwé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò tó.

*Wo pẹ̀lú:* àfikún, èènì, lé, rọ́pò, so mọ́.