Igi Tó Pẹ́ Jù Nínú Ọ̀rá

Ọdún tó kọjá, àǹtí mi fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí wọ́n lè gba ilẹ̀ kejì. Àwọn àti ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ló jọ ń ta òdòdó àti ọmọ igi létí títì ní Ìbàdàn: ixora, ọsàn, mángòrò, píà, àti masquerade, igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì yẹn. Ọgbà náà kún débi pé ẹ̀gbẹ́ lẹ máa fi rìn kẹ́ ẹ tó dé ìdí kànga. Gbogbo wa gbà pé ilẹ̀ ló kéré.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gbé masquerade kan fún oníbàárà, kò gbé. Mo fà á, ó dún pàù. Gbòǹgbò ẹ̀ ti dá ọ̀rá lu, ó ti wọnú ilẹ̀ lọ. Oníbàárà wo ojú mi, èmi náà wo ojú Àǹtí.

Igi tó bá já báyẹn, ewé ẹ̀ lè rọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, torí púpọ̀ nínú gbòǹgbò tíntìntín tó ń fa omi ti ṣẹ́kù sílẹ̀. Èyí tí kò tíì dá ọ̀rá lu gan-an lè má sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí gbòǹgbò bá kan ara ọ̀rá tí kò rọ́nà, á yà, á wá máa pòòyì bí okùn tí wọ́n ká. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín sílé, ìpòòyì yẹn kì í tú fúnra ẹ̀. Bí gbòǹgbò ṣe ń sanra sí i, ó lè fún ìdí igi pa, tàbí kí igi má rí ilẹ̀ dì mú dáadáa, kí ìjì kan wá gbé e ṣubú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọjà tó pẹ́ nílẹ̀ nínú ọgbà kì í ṣe owó tó jókòó lásán. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, níbi tójú ò tó.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Toyota. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà ní Jàpáànù, wọn ò lè kó ọjà jọ bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn, Taiichi Ohno, ronú nípa súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà: oníbàárà mú ohun tó fẹ́ lórí pẹpẹ, wọ́n á fi ìwọ̀nba tó mú dí àyè ẹ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ mọ́tò náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ló máa wá mú ẹrù lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn, tẹni tó wà lẹ́yìn ò sì gbọ́dọ̀ ṣe ju iye tí wọ́n mú lọ. Káàdì kékeré tí wọ́n ń pè ní kanban ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Nínú gbogbo ìfiṣòfò, ṣíṣe ọjà jù lóun kórìíra jù.

Ní 1988 ni John Krafcik pe ọ̀nà yìí ní lean, ìyẹn ohun tí kò lọ́ràá. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀, Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí gbogbo ọ̀rá dúdú tó yí wa ká. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé igi ni Toyota ń gbìn?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Irin kì í dàgbà. Hóró mángòrò ń kú tó bá gbẹ, kò ṣeé tọ́jú pamọ́ títí oníbàárà á fi dé. Ìgbà tí mángòrò bá wà lọ́jà lẹ máa gbìn ín, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Tí òjò àkọ́kọ́ bá sì rọ̀, gbogbo ayé ló fẹ́ gbin nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Torí náà, mo gbé ọ̀rọ̀ káàdì tì, mo mú ìwé ìtajà wọn.

Ìṣirò kan wà tí John Little fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1961. Ẹ mú iye ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ fi iye tó ń jáde lọ́sẹ̀ pín in, ẹ máa rí iye ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Ixora 300 ló wà nílẹ̀, 25 ló ń jáde lọ́sẹ̀, tá a bá da ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12. Masquerade jẹ́ 480, mẹ́fà ló ń jáde lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 80! Àǹtí ní ká tún un kà. A tún un kà.

Masquerade ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40 kó tó ga tó ohun téèyàn máa rà, nítorí náà 240 ti tó wọn. Ìdajì kàn dúró gbọnrangandan ni, ó ń mu omi. Dádì ló fà á: agbaṣẹ́ṣe kan ti wá ra 200 lẹ́ẹ̀kan rí, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń retí ẹ̀. Ixora ní tiẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó yẹ kó jẹ́ 250, tá a bá fi 50 kún un nítorí òjò, ó di 300. Iye tí Àǹtí ní gan-an nìyẹn, láìka ìwé Toyota kankan.

(A tún gbé òkìtì ìlẹ̀dú kúrò lẹ́nu géètì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí àwọn ọmọ yéé ti bárò káàkiri. Ìyẹn ò gbà ju ọ̀sán kan lọ.)

Dípò káàdì, ọ̀pá la lò, a so aṣọ pupa mọ́ ọn. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó dúró síbi iye tá a ṣírò. Tí títà bá dé ìdí ọ̀pá, ẹ rọ ọ̀rá tuntun. Tí kò bá tíì dé e, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mángòrò ò ní ọ̀pá, kàlẹ́ńdà la fi ṣe tiẹ̀.

Àwọn masquerade tó ti pẹ́ jù ló dun Dádì. A yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a gé gbòǹgbò tó ń pòòyì lára àwọn tó ṣì ṣeé gbà là, a sì kó wọn sínú ọ̀rá tó tóbi. Àwọn tó kù di ajílẹ̀. Dádì ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Títà ti dé ọ̀pá ixora lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ti masquerade ṣì wà níbi tá a rì í mọ́. Ẹlòmíì ti gba ilẹ̀ kejì yẹn, búlọ́ọ̀kù ló ń mọ níbẹ̀.