Òǹkà Yorùbá àti Ìṣirò Owó: Àpẹẹrẹ Dọ́là àti Sẹ́ǹtì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ló lè ka òǹkà Yorùbá láti orí ení dé orí igba láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n fi òǹkà náà ṣírò owó ọjà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sá lọ bá. Òǹkà ti di àkọ́sórí lásán, bẹ́ẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni pé ọgbọ́n ìyọkúrò tó wà nínú òǹkà wa wúlò púpọ̀ fún ìṣirò owó. Ó sì ní ibi kan tó le, tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì.

Dọ́là àti sẹ́ǹtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlànà kan náà ni òun àti náírà pẹ̀lú kọ́bọ̀ ń tẹ̀ lé: ọgọ́rùn-ún owó kékeré ló ń di owó ńlá kan. Amẹ́ríkà ti fi èyí sófin láti 1792. Àwa bọ́ sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, tí a sì bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò tí kọ́bọ̀ méjìlá fi ń di ṣílè kan, tí ogún ṣílè sì ń di pọ́n-ùn kan. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ti kúrò lọ́jà wa. Kò sí ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè fi í rà mọ́. Sẹ́ǹtì ṣì wà nínú iye tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà l'Ámẹ́ríkà, òun sì ni àwọn olùkọ́ Yorùbá tó ń lọ kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀ lábẹ́ ètò Fulbright ń bá pàdé.

Ká kọ́kọ́ mú ti kíkọ kúrò nílẹ̀. Àmì tó dà bí àmì ìdánudúró ló ń pààlà sáàárín dọ́là àti sẹ́ǹtì, ààyè méjì ló sì gbọ́dọ̀ wà fún sẹ́ǹtì. Dọ́là márùn-ún àti sẹ́ǹtì márùn-ún ni $5.05, dọ́là márùn-ún àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ni $5.50. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ $5.5 fún ti àkọ́kọ́ ti fi sẹ́ǹtì márùndínláàádọ́ta kún owó olówó.

Ibi tí òǹkà wa ti dára jù ni ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Ká ní iye ọjà jẹ́ $0.95. Sẹ́ǹtì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà, 'márùn-ún dín ní ọgọ́rùn-ún' ni. Orúkọ owó náà fúnra rẹ̀ ti sọ ṣéńjì tí oníbàárà yóò gbà bí ó bá san dọ́là kan. Bákan náà ni $4.95: dọ́là márùn-ún ó dín sẹ́ǹtì márùn-ún. Bí ẹnì kan bá ra mẹ́ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti máa ha 4.95 sórí pátákó. Dọ́là márùn-ún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sẹ́ǹtì márùn-ún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó dín sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, èyí tí í ṣe $14.85. (Iye bíi $4.99 náà kò yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ti dẹ́kun rírọ kọ́ìnsì sẹ́ǹtì kan fún ìnáwó ní oṣù kọkànlá 2025. Àwọn tó wà nílẹ̀ ṣì ń jẹ́ owó.)

Ìròpọ̀ ló ní ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí á ro $2.85 pọ̀ mọ́ $3.75. Ìyọkúrò tún ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀: àádọ́rùn-ún ó dín márùn-ún àti ọgọ́rin ó dín márùn-ún di àádọ́sàn-án ó dín mẹ́wàá, ìyẹn ọgọ́jọ sẹ́ǹtì. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń dúró. Gẹ̀ẹ́sì máa ń dárúkọ ọgọ́rùn-ún nínú 160, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ ọgọ́rùn-ún kankan nínú 'ọgọ́jọ', nítorí ogún mẹ́jọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ̀ pé dọ́là kan wà nínú rẹ̀?

Ogún náà ni kí olùkọ́ fi tú u. Ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ogún márùn-ún ni dọ́là kan. Bí a bá yọ ọ́ nínú ogún mẹ́jọ, ogún mẹ́ta, ìyẹn ọgọ́ta sẹ́ǹtì, ló kù. A ó kọ 60 sí abala sẹ́ǹtì, a ó sì gbé dọ́là kan lọ bá méjì àti mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $6.60. Oníbàárà tó san dọ́là mẹ́wàá yóò gba ogójì sẹ́ǹtì láti fi pé dọ́là méje, àti dọ́là mẹ́ta láti fi pé mẹ́wàá.

Ìlànà yìí hàn nínú ìró àwọn orúkọ náà. Ọgọ́jọ ń di ọgọ́ta, àádọ́jọ ń di àádọ́ta. Ọgọ́sàn-án ń di ọgọ́rin, àádọ́sàn-án ń di àádọ́rin. Ogóje ń di ogójì. Ẹ̀jọ di ẹ̀ta, ẹ̀sán di ẹ̀rin, èje di èjì: márùn-ún ni a yọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yapa kò pọ̀. Àádóje ń di ọgbọ̀n, ọgọ́fà ń di ogún, àádọ́fà ń di mẹ́wàá, ìwọ̀nyí ni a ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀.