Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ètò Wo Ló Yẹ Kọ̀ǹpútà Tó Ti Dàgbà?

Ní Ayétòrò, olú ìlú Àríwá Yewa, ní ojú ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ àti ẹnubodè, kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ẹ̀ka Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ ìwé fún ará ìlú ń lò: arìnrìn-àjò òkun, tó ti sin olówó kan tàbí méjì lókè òkun kó tó wá sin ẹ̀kẹta nílẹ̀ Yewa.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 bá wí, nítorí ọjọ́ náà ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, tí kò ku nǹkan kan bí kò ṣe àfikún onígbà díẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lò ó kò kú, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a dí i mọ́. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè RAM 4GB, àyè ìpamọ́ 64GB àti ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ kò ní.

RAM ni àtẹ tí ẹ̀rọ ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé. Bí àtẹ náà bá kún, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí kò lò lọ́wọ́ sínú dísíìkì, a sì tún sáré lọ kó o wá nígbà tí a bá béèrè rẹ̀; bí dísíìkì bá wá jẹ́ irú àtijọ́ tó ń yí, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, a ó sì ní ó ti háńgì. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Windows, ló kọ́kọ́ ń gba àyè lórí àtẹ náà kí a tó ṣí ìwé kankan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, olongo kò gbọdọ̀ jẹ tìyàntìyàn: ìwọ̀n RAM ni kí á fi yan ètò, kí á má fi òkìkí yàn án.

Ọ̀dọ̀ Linux ni ọ̀pọ̀ ń yà sí, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń pín oríṣiríṣi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní 4GB lè fi Linux Mint, ẹ̀yà Xfce, sí i. 2GB náà yóò gbé e, ṣùgbọ́n yóò máa mí hẹlẹ. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó wo antiX, tí 512MB tó fún láti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 32-bit, irú àtijọ́, sì ṣọ́ra, nítorí Debian 13, ọ̀kan nínú oríṣiríṣi Linux, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, kò ṣeé fi sórí irú rẹ̀ ní tààrà mọ́. AntiX 23 ṣì ní èyí tó bá a mu.

Àmọ́ ṣá o, ètò tó fúyẹ́ kò lè sọ Facebook àti YouTube di ohun tó fúyẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ RAM lórí Windows ni wọn yóò máa jẹ ẹ́ lórí antiX. Ẹ̀rọ 1GB yóò tẹ lẹ́tà, yóò ṣírò owó, ṣùgbọ́n kí á má ṣí ojú ewé mẹ́wàá lé e lórí. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ìpè ìnáwó àti pátákó òkú kọ́ ni a sì ń sáré tì sí Linux, nítorí CorelDRAW òde òní kò ní ẹ̀yà fún un. Kó ra RAM kún RAM, kó sì fi SSD, irú tí kì í yí, pààrọ̀ dísíìkì tó ń yí. Ti ẹni tó ń kọ̀wé lásán rọrùn: LibreOffice yóò ṣí ìwé tó fi Word kọ, bí ìlà tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí a fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ sì wà nínú Linux láìsan kọ́bọ̀.

A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Kí á kó ètò tí a yàn sórí fíláàṣì, kí á fi í tan ẹ̀rọ, yóò ṣí láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísíìkì. Níbẹ̀ ni kí á ti wò bóyá Wi-Fi gbé, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dáhùn, bóyá ohùn jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ni lọ́rùn, kí á kó ìwé wa pamọ́ síbòmíràn, kí á tan jẹnẹrétọ̀ kí á tó fọ́ọ̀màtì, nítorí bátìrì tókunbọ̀ kì í pẹ́, bí iná bá sì lọ láàárín, ètò àtijọ́ ti lọ, tuntun kò tíì dé.