Ẹja Ọ̀sà Ń Dín Kù: Ohun Tó Yẹ Kí Apẹja, Ẹlẹ́ja àti Òbí Mọ̀ ní Malu Road, Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ju ìwọ̀ sómi lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Bí ẹnì kan bá wà nílé tí kò lè kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kà á sí i létí.

Ẹ wo orí àtẹ ní ọjà Boundary láàárọ̀. Títù, kòtè, ṣáwá àti pánlá ló kún ibẹ̀, ẹja inú yìnyín tó ti òkè òkun wá, tó sì gba ilé yìnyín Ìjọra kọjá kó tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹja tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé owó ilẹ̀ òkèèrè la fi ń rà á. Bẹ́ẹ̀, etí omi ni Ajégúnlẹ̀ wà. Àwọn Ìlàjẹ, Ìjọ́ àti Ègùn tó wà láàárín wa, iṣẹ́ omi ni wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn. Ẹja ọ̀sà tó ṣì ń dé ọjà ti kéré níye, ó sì ti kéré lára. Ọ̀bọ̀kún tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ni wọ́n ń tò sórí igi yan.

Kí ló ń ṣe ọ̀sà?

Ọ̀sà Èkó kò jìn. Bí a bá yọ ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun kúrò, ọ̀pọ̀ ibi wà níbẹ̀ tí omi kò bo àgbàlagbà mọ́lẹ̀. Lásìkò òjò, omi odò Ògùn á ya wọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, iyọ̀ á padà. Nítorí èyí ni ẹja òkun àti ẹja odò fi ń pàdé níbẹ̀, tí ọmọ bọ́ńgà àti ọmọ edé sì ń wá dàgbà lábẹ́ gbòǹgbò igi etí omi, níbi tí ẹja ńlá kò ti lè rí wọn gbé mì.

A ti gé ọ̀pọ̀ igi wọ̀nyí. A ti da yanrìn bo irà, a kọ́lé sí i. Wọ́n ń wa yanrìn nísàlẹ̀ omi. Ìdọ̀tí igi láti ilé ìlagi Òkòbàbá wọnú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1984 ni ewéko tó ń léfòó ti gba ọ̀nà omi Pọ̀tónóvò wọlé, tó ń dí ojú omi. Ẹ tún wo kànáà tiwa ní Ajégúnlẹ̀: ọ̀rá omi mímu, páḿpásì, ògbólógbòó bàtà. Gbogbo rẹ̀ ń lọ sínú omi tí à ń retí ẹja nínú rẹ̀.

Apẹja nìkan kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n omi tí ìyà ti ń jẹ báyìí kò lè fara da àwọ̀n tó ń kó ìyá, bàbá àti ọmọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá tó wà lọ́wọ́ wa nìyẹn, òun sì ni ìwé yìí dá lé.

Ẹja tó lóyún sẹ́nu

Ẹpìyà ọ̀sà, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, kì í fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Bí abo bá ti yé e tán, akọ á gbé ẹyin sẹ́nu. Á pa ẹnu mọ́ ọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ọmọ á fi jáde tí wọ́n á lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Nígbà mìíràn tí ẹ bá mú akọ ẹpìyà tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ẹ rọra la ẹnu rẹ̀. Ẹ ó rí ẹyin aláwọ̀ ìyeyè, roboto, tó kún inú ibẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo lẹ rò pé ẹ mú, àmọ́ agbo ẹja kan lẹ gbé dání. Ẹ dá a padà sómi kíákíá, kó tó pọ ẹyin náà dànù sínú ọkọ̀.

Ọ̀bọ̀kún ní tirẹ̀ a máa wá ihò. Nígbà òjò, akọ àti abo á wọnú ihò, wọ́n á yé ẹyin síbẹ̀, akọ á sì dúró ṣọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọparun tí àwọn kan ń rì sísàlẹ̀ omi fi ń mú un wẹ́rẹ́: ó rò pé ilé ni. Òwò yẹn dùn lóòótọ́, àmọ́ lásìkò tí ọ̀bọ̀kún ń yé, ìyá àti bàbá pẹ̀lú ẹyin ni ọparun náà ń kó wá. A rọ̀ yín pé kí ẹ fà á sókè láàárín òjò, kí ẹ tó tún rì í lẹ́yìn náà.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ẹja Omi Abẹ́lé ti 1992 kò fàyè gba àwọ̀n dídẹ tí ojú rẹ̀ kò tó íǹṣì 3. Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ rẹ àwọ̀n sómi, ẹ mú ojú kan, ẹ fà á títí ó fi le, kí ẹ wá gbé rúlà ọmọ iléèwé lé e láti kókó kan dé kókó tó kọjú sí i. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 7 ààbọ̀, àwọ̀n náà ń mú ẹja tí kò tíì yé rí.

A mọ̀ pé àwọ̀n wọ́n. A kò retí pé kí ẹnikẹ́ni sọ àwọ̀n rẹ̀ nù lónìí kí ebi sì pa ilé rẹ̀ lọ́la. Bí abala kan bá ti ya, dípò kí ẹ fi olójú wẹ́wẹ́ tún un ṣe, olójú gbòòrò ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Òfin tún ka oró àti ohun abúgbàù léèwọ̀. Kò sí àwáwí lórí èyí. Oró bíi Gamalin tí wọ́n dà sómi kì í yan ẹja: ó ń pa ńlá, ó ń pa kékeré, ó ń pa kòkòrò tí wọn ìbá jẹ. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, fífọ̀ àti díndín kì í yọ irú oró bẹ́ẹ̀ kúrò lára ẹja. Ẹni tó bá ń gbé ẹja rẹpẹtẹ wá lówó pọ́ọ́kú, tí kò sì lè sọ bó ṣe mú un, ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú òkun ńkọ́? Òfin Ẹja Òkun, òun náà ti 1992, kò gbà kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n sún mọ́ etí òkun ju máìlì ojú òkun 5 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 9. Ibẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ kékeré. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ fẹjọ́ sùn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà àti àkókò sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja

Ìwọ̀ ló sàn jù nínú irinṣẹ́ wa, nítorí ẹja tó bá mú ṣì lè padà sómi láàyè. Ẹ fi ọwọ́ tútù dì í mú, kí ẹ má fi ìka bọ ẹ̀yà ìmí rẹ̀. Ẹ má lo ìwọ̀ kíkéré jù. Ní adágún Michigan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kó ọmọ ẹja salmon sómi ní àwọn ọdún 1960, ẹni tó fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, iye tó lè mú lójúmọ́ sì ní òdiwọ̀n. Òfin bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ọ̀dọ̀ wa dáadáa, ṣùgbọ́n a lè fi òdiwọ̀n fún ara wa láàárín ẹgbẹ́.

Nílé níbí náà, wọ́n ti gbìyànjú láti dá ẹja sí. Ní adágún Kàǹjì, ẹja tí wọ́n ń mú lọ́dún lé ní 25,000 tọ́ọ̀nù lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọya ní 1968. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, kò tó 6,000 mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ Niger àti Kebbi fòfin de àwọ̀n wíwọ́ olójú wẹ́wẹ́. Àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ní Gánà fi gbogbo oṣù Keje 2022 àti 2023 sinmi kí ẹja lè rí àyè yé. Ó ni wọ́n lára, wọ́n sì ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa pẹja nínú kànáà. Omi ìdọ̀tí ibẹ̀ ń fa àìsàn, ẹja inú rẹ̀ kò sì dára fún jíjẹ.

Bí ẹ bá rí ẹja tó kú rẹpẹtẹ tó léfòó, ẹ má ṣe kó o tà. Ẹ kọ ibi àti àkókò tí ẹ rí i, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa.